Tòlótòló Inú Ògiri

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn òbí mi fi gbà pé orí ìyá àgbà ti ń dàrú, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ nínú ilé náà pé orí wọn pé. Màmá ní àwọn ń gbọ́ tòlótòló nínú ògiri yàrá àwọn. Lóòótọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Èmi ni tòlótòló náà.

Duncanville ni à ń gbé nígbà náà, ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Dallas, nínú ilé bíríkì pupa kan tí ariwo ọkọ̀ tó ń sáré lórí fíríwéè kì í dákẹ́ lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mọ́mì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n sì máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Dádì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àárín ìlú, wọ́n máa ń wọlé nígbà tí ebi bá ti ń pa wá. Màmá Ìṣẹ́yìn, ìyá tó bí Dádì, ló ni ilé láàárín ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá jáde sí ìgbà tí ẹni ìkejì bá dé. Wọ́n ti dé láti Nàìjíríà ní ọdún kan ṣáájú, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti pinnu pé ilé náà ń fi nǹkan pamọ́ fún àwọn. Kí n má purọ́, ilé náà ní ohùn púpọ̀. Ilẹ̀kùn gáráàjì a máa kérora bí ẹni tí wọ́n jí tipátipá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ a máa gbọ̀n jìgìjìgì títí yóò fi rìn kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù a sì máa mí hàà láti inú àwọn ihò tó wà lókè ògiri gbogbo yàrá. Àwọn ihò yìí ni Màmá kò fọkàn tán rárá. Wọ́n ní ẹni tó kọ́lé tó dá ihò sí gbogbo yàrá, ọ̀rọ̀ onílé ló ń fẹ́ gbọ́. Wọ́n fi ìborùn dí ti yàrá tiwọn, Dádì yọ ọ́. Wọ́n tún fi ìró dí i. Dádì ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tútù ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Màmá tẹ́tí sí i dé òpin, wọ́n ní, “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ,” wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà.

Tí mo bá ti ilé-ìwé dé, iṣẹ́ tèmi ni kí n ká aṣọ tó wà nínú agbọ̀n, kí n bá Màmá ṣa ẹ̀wà, kí n sì máa túmọ̀ ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá ń sọ fún wọn. Wọn kò gba ìtumọ̀ mi gbọ́ tán. Wọ́n á ní, “Gbogbo ẹnu tí obìnrin yẹn là yẹn, ohun tó sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ?” Wọ́n á wá pòṣé. Òṣé Màmá tún jẹ́ ohùn kan lọ́tọ̀ nínú ilé náà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ oníròyìn ni mo ti ń gbọ́ òṣé lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn, lẹ́nu agbẹjọ́rò, lẹ́nu pásítọ̀, lẹ́nu ìyá tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò níwájú mi, n kò tíì rí ẹni tó tó Màmá. Kúkúrú kan wà tó jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan wà fún ìrẹsì Mọ́mì nígbà tí ata rẹ̀ kò bá tó. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn, tó tutù, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu òsì tí á sì wá wúwo bó bá ṣe ń lọ sópin, òpùrọ́ nìkan ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún. Ọmọdé kò gbọdọ̀ pòṣé sí àgbà. Mo dán an wò nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, Dádì ní kí n kúnlẹ̀ kí n na apá sókè títí ìròyìn fi parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òṣé dà bí ewú, ọjọ́ orí ló ń fi í fúnni.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń jẹ tòlótòló, ni ọ̀rọ̀ tòlótòló bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò a máa yan tiwọn lódindi. Mọ́mì ní ẹran tí kò bá fara kan ata, ti aláìsàn ni. Wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ewé táìmù, wọ́n á dín in, wọ́n á wá dà á sínú ọbẹ̀. A ti jẹun tán nígbà tí Misita Leroy pè mí létí ọgbà. Àgbà ọkùnrin ni wọ́n, adúláwọ̀ ọmọ Texas gan-an, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn àti ìyàwó wọn, Misis Odessa, ló ń gbé ilé tó kàn wá. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má da egungun apá tòlótòló nù, àwọn ń fẹ́ ẹ. Mo sáré wọlé. Èdè Yorùbá mi nígbà náà, èmi ni mo mọ ibi tí mo ti ń gbé ohùn rẹ̀. Mo ní, “Mọ́mì, Misita Leroy ń fẹ́ egúngún.”

Ọwọ́ Mọ́mì dúró nínú omi ìfọbọ́. “Egúngún wo?”

“Tiwa.”

Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní egungun lásán ni ọmọ ń sọ, ahọ́n Amẹ́ríkà ló gbé agọ̀ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé Mọ́mì, ojú wọn tún le sí i. Wọ́n ní egúngún ì bá sàn, èèyàn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí ni ẹni tí kò bá wa tan fẹ́ fi egungun ohun tí a jẹ ṣe? Eyín wa ti kàn án, itọ́ wa wà lára rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Màmá náà. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí àgbàlagbà máa tọrọ àjẹkù ẹnu ẹlòmíì. Mọ́mì kó egungun náà sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n da bílíìṣì lé e lórí, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún Misita Leroy pé a kò ní egungun. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Misita Leroy wò mí títí. Wọ́n ní ó ṣòro kí tòlótòló máà ní egungun.

Wọ́n wá yọ nǹkan kan láti inú àpò ẹ̀wù wọn, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò kan tó ti pọ́n bí eyín erin, tí wọ́n fi òwú we níbi méjì. Wọ́n fi orí rẹ̀ tó tín-ín-rín sáàárín ètè, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ẹyẹ kan sì ké láàárín wa. Mo yíjú wá ẹyẹ náà. Mo wo orí òrùlé, mo wo ìdí igi, kí n tó mọ̀ pé láti ọwọ́ wọn ló ti jáde. Wọ́n ní bàbá àwọn ló kọ́ àwọn ní ìlà-oòrùn Texas. Tó bá di ìgbà ìrúwé, ọdẹ á fi ara ti igi, á ké bí abo tòlótòló, akọ inú igbó á sì máa bọ̀ wá. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn kò fẹ́ kọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ akólẹ̀ tó dé, mo yọ egungun apá méjèèjì kúrò nínú ọ̀rá dúdú, mo fi ìbọ̀sẹ̀ mi wé e. Nígbà tí Misita Leroy gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n ti bá àwọn ṣe ìdajì iṣẹ́: bílíìṣì ni àwọn ì bá rẹ ẹ́ sí.

Egungun mẹ́ta ló wà nínú apá kan, ìkan tín-ín-rín, ìkan sanra díẹ̀, ìkan nípọn. Níwájú ilé wọn, lórí ìjókòó tí gbogbo àdúgbò ń rí, Misita Leroy fi ayùn kékeré gé orí wọn, wọ́n fi wáyà yọ mùdùnmúdùn inú wọn, wọ́n ki ọ̀kan bọ inú èkejì, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi òwú pupa we ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ó tó bí ìka ọwọ́ méjì ní gígùn nígbà tó parí. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Òwú rẹ̀ ti ṣí. Wọ́n gbé e fún mi, mo sì ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń ṣe: mo fọn ọ́n. Itọ́ nìkan ló jáde. Misita Leroy ní fèrè ni wọ́n ń fọn, èyí, fífà ni. Mo fi gbogbo àyà fà á, òòyì kọ́ mi, mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe àyà, ètè ni. Kí n fi ẹnu kò ẹ̀yìn ọwọ́ mi títí ẹ̀yìn ọwọ́ náà yóò fi dún bí èkúté. Kí ohùn àkọ́kọ́ ga, kí ìkejì sọ̀kalẹ̀, kí n jẹ́ kí àgbọ̀n mi balẹ̀ sí i. Misis Odessa jókòó nínú àga wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń pa èso pékàn. Wọ́n ní àwọn kò ní wò mí. Ọjọ́ tí àwọn bá gbàgbé tí àwọn sì yíjú wá ẹyẹ, ọjọ́ náà ni mo mọ̀ ọ́n.

Títí ọdún fi yípo, wọn kò yíjú. Ètè mi wú, ẹ̀yìn ọwọ́ mi pọ́n. Màmá bi mí pé kí ló jẹ mí lọ́wọ́, mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé nípa ẹyẹ ni. Wọ́n di ọwọ́ náà mú, wọ́n yí i síbí sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò kí ó tó rà á, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kejì ni mo mọ̀ ọ́n, Misita Leroy kọ́ ló sì kọ́ mi. Àwa méjì ń ṣa ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín. Dádì tẹ̀ wá láago pé àwọn kò ní tètè dé, ọ̀gá àwọn ló pe ìpàdé. Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá ni mo jókòó sí, mo sì kọjú sí ẹnu wọn gan-an nígbà tí òṣé tó gùn yẹn jáde. Mo rí i. Ètè pa dé ní àárín, ó ṣí díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, ahọ́n fà sẹ́yìn, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín lókè, lẹ́yìn náà àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀, òun náà sì sọ̀kalẹ̀. Wọn kò lo àyà rárá. Mo ní mo fẹ́ lọ ká aṣọ. Mo wọ inú gáráàjì, mo jókòó nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí kí ohùn mi má baà jáde, mo fi egungun sí ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu, mo sì pòṣé sínú rẹ̀ bí ìyá àgbà tí wọ́n purọ́ fún. Ó ní, kíáò.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mo ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, láti ìgbà tí Màmá bá lọ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án sí ìgbà tí wọ́n bá jí. N kò mọ̀ pé gbogbo ihò ilé náà, láti inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, a ń jẹ ìrẹsì. Màmá ní, “Tòlótòló kan wà nínú ògiri yàrá mi.” Dádì ní bóyá tẹlifíṣọ̀n ni. Màmá ní, “Mo ti sin tòlótòló ní Ìṣẹ́yìn kí n tó bí ẹ. Abo ni. Ọ̀sán ló máa ń ké. Ó ń wá akọ.” Mo kọjú sí ẹran inú abọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí ni mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, púpọ̀ nínú wọn kò mọ bóyá ọkùnrin ni ó sá lọ tàbí obìnrin. Màmá mọ ibẹ̀, mọ àkókò, mọ akọ yàtọ̀ sí abo, wọ́n tún mọ ìdí tó fi ń ké. Ṣùgbọ́n etí nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì fi gbọ́ ọ. Wọ́n gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi Màmá ní ìbéèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí nínú ilé. Ní ọjọ́ kejì, mo rí ìwé kékeré kan lórí fíríìjì, ọjọ́ àti wákàtí ló wà nínú rẹ̀. Dádì gun àjà tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pe ọkùnrin kan tó ń lé ẹranko kúrò lórí òrùlé. Ó ní tí ó bá jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́, ó yé òun, tòlótòló kò lè wọ inú ògiri, ó sì wo Màmá pẹ̀lú àánú. Màmá pòṣé sí i. Kúkúrú ni.

Ìfura wọ ilé wa bí eruku ọyẹ́, kò sí ibi tí kò dé. Ní ọjọ́ iṣẹ́, Mọ́mì gbà pé ọpọlọ Màmá ni. Wọ́n ti rí àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn tó ń gbọ́ orin ọmọdé nínú omi ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n gbà pé Misita Leroy ni. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Dádì nínú mọ́tò pé, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹni tó tọrọ egungun, a ò fún un, ẹyẹ náà ló wá ń ké nínú ilé wa yìí.” Dádì ní ọkùnrin yẹn máa ń bá àwọn gé koríko. Mọ́mì ní ìyẹn gan-an ni kí wọ́n bi í. Èmi ńkọ́? Ohun tó tì mí lójú jù láti sọ ni pé inú mi dùn. Ẹni tó ti sin tòlótòló gbọ́ mi, ó ní tòlótòló ni mí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Misis Odessa yíjú, pẹ̀lú pékàn lọ́wọ́, wọ́n wo orí igi. Tí mo bá jẹ́wọ́, Mọ́mì á gba egungun náà, wọ́n á mọ̀ pé mo lọ tú ọ̀rá tí wọ́n ti gbàdúrà sí, ẹsẹ̀ mi kò sì ní kan ilé Misita Leroy mọ́. Mo ní kí n ṣáà mú un dára díẹ̀ sí i ná.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbèrò. Mọ́mì ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ìgbàgbé àwọn àgbà. Tí dókítà bá sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò sọ, Màmá yóò padà sí Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin, torí kò sí ẹni tí yóò máa wà nílé tì wọ́n lọ́sàn-án, gáàsì sì ń bẹ. Màmá náà ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ilé tó ní ihò nínú gbogbo yàrá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, wọ́n mú mi sáàárín orúnkún, wọ́n ń dì mí nírun. Wọ́n ní, “Wọ́n á ní Amẹ́ríkà ló yà mí ní wèrè. Orí mi pé nígbà tí mo kúrò nílé, n ó wá padà dé pẹ̀lú tòlótòló nínú etí.” Òòyà dúró. “Títí, ìwọ ò gbọ́ ọ?”

Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé n kò gbọ́.

“Wí i ní Yorùbá.”

Mo ní, “Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Mà.”

Wọn kò bínú. Wọ́n kàn fa òṣé tó gùn yẹn lókè orí mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń bá irun lọ. Wọ́n di ìyókù le débi pé ojú mi fà sẹ́yìn fún ọjọ́ méjì.

Mo fi egungun náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyẹn ló tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Màmá ní ẹyẹ náà ti dákẹ́, àwọn sì ń bẹ̀rù pé ebi ló ń pa á. Wọ́n ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, wọ́n ń fi ọwọ́ kan ògiri, wọ́n ń pè é bí wọ́n ṣe ń pe tiwọn ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n da àgbàdo sẹ́nu ihò. Mọ́mì bá àgbàdo lórí ilẹ̀, wọ́n jókòó sórí ibùsùn Màmá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn. Mo ro ó pé tí ẹyẹ bá tún ké, ọkàn Màmá á balẹ̀, mo bá tún bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì kọ ìyẹn náà sílẹ̀: ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ọlidé ìgbà ìrúwé ni wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí náà wọn kò lè fi mí sílẹ̀ nílé. Yàrá náà kéré. Dókítà, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun tó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ń bi Dádì, Dádì sì ń túmọ̀. Ó bèèrè bóyá Màmá ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíì kò gbọ́. Màmá ní, “Sọ fún un pé mo ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.” Wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí Dádì sọ fún dókítà ni pé, bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà kọ̀wé. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun náà, Màmá sì gbé ọwọ́ lé itan bí ẹni tó wà nílé ẹjọ́.

“Abo tòlótòló ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n ké, ó kàn ń pòṣé. Nígbà tó yá, ohùn àkọ́kọ́ jáde, ìkejì kò bá a mu. Ní báyìí, méjèèjì ti jáde, àfi pé ó máa ń kánjú níparí. Kíkọ́ ló ń kọ́ ọ. Èmi ò rí tòlótòló tó ń kọ́ igbe rí.”

Mọ́mì fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, wọ́n ń sunkún. Àwọn kò mọ ohun tí mo mọ̀: pé gbogbo ohun tí Màmá sọ, ohun tí Misita Leroy ń bá mi wí ni, kò yẹ̀ ní ẹyọ kan. Ìyá arúgbó yìí ti ń tẹ̀ lé mi láti òṣé àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi bọ́ sínú àpò kóòtù. Mo fi egungun sí ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu, mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò kánjú ní ìkẹta.

Nọ́ọ̀sì kan ṣílẹ̀kùn, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá ẹyẹ. Màmá kò mira. Wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n sọ fún dókítà pé, “Òun nìyẹn. Kò kánjú lónìí.”

Mọ́mì ní, “Títí, kí nìyẹn?”

“Egungun ni, Mà.” Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ohùn rẹ̀ tọ̀nà lẹ́nu mi.

“Egungun wo?”

“Tiwa.”

N kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá náà, mo na apá sókè, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí ọ̀rá dúdú dé kọ́bọ́ọ̀dù. Dádì ń túmọ̀ fún dókítà, bí wọ́n ti ń túmọ̀ lọ ni ẹ̀rín ń gbé wọn. Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ forí jì mí, Mà,” Màmá sì ní kò sí nǹkan, àwọn ti mọ̀ pé ilé yẹn ń fi nǹkan pamọ́. Dókítà fa ìlà kọjá lórí ohun tó kọ. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Gbogbo wa rò bẹ́ẹ̀. Dádì tilẹ̀ ti gbé àpò Màmá.

Dókítà ní kí wọ́n jókòó, ìyókù ìdánwò ṣì wà. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ tòlótòló tó bẹ̀rẹ̀, Dádì ti túmọ̀ wọn: fìtílà, ẹṣin, ọsàn. Ó ní kí Màmá dá wọn padà. Màmá ní ẹṣin. Wọ́n wo àjà, wọ́n wo Dádì. Wọ́n tún ní ẹṣin. Dókítà fún wọn ní bébà pé kí wọ́n ya ojú aago, wọ́n sì to gbogbo nọ́mbà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí a padà délé, Màmá sọ fún mi pé àwọn mọ̀ ọ́n, àwọn kàn kọ̀ láti dáhùn ni, torí ìdánwò jẹ́lé-ó-sinmi kọ́ ni àwọn bá lọ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà, n kò tíì mọ èyí tí mo gbà.

Ohun tí dókítà ní yóò tẹ̀ lé e nìyí, bí Dádì ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Òun kò ní kọ orúkọ àìsàn kankan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí Màmá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà; kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ dá wọn padà sí Ìṣẹ́yìn ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dá wà nídìí iná. Kí Mọ́mì má sọ ìwé kékeré yẹn nù. Kí ọmọ máa fa egungun rẹ̀ lọ, lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí Màmá bá wí sílẹ̀. Tí Màmá bá ní Títí ti tún bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀, kò séwu. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ń gbọ́ tòlótòló nínú ògiri, kí a má dúró kí oṣù mẹ́fà pé kí a tó mú wọn padà wá.